Íńṣì Kan fún Ẹsẹ̀ Bàtà Kan: Ìrìn Àjò Wa Sọ́dọ̀ Àwọn Ilé Ọmọláńgidi

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé bí a bá ti ìrìn àjò iṣẹ́ ìránṣẹ́ dé, a kì í ṣàì jábọ̀ ohun tí ojú wa rí. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní sọ ti ìpàdé tí wọ́n pè wá sí ní London, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ ti òtútù, èyí tí gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀hún dé máa ń kọ́kọ́ ròyìn. Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ sọ: ilé kékeré tí a lè gbé ka orí tábìlì, tí ènìyàn kò lè wọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ní ìlẹ̀kùn, fèrèsé, àtẹ̀gùn àti òrùlé bíi ti ilé tí gbogbo wa ń gbé. Ilé ọmọláńgidi ni. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àtọmọdé àtàgbàlagbà wọn, àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà lọ́dọ̀ wọn sì ti ń fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. A ti gbọ́ tí àwọn òbí kan ń kọminú sí i. Nítorí náà ni a ṣe fi ọjọ́ mélòó kan wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Windsor ni a kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Waterloo, ọkọ̀ kan ṣoṣo náà ni yóò gbé yín débẹ̀, ẹ kò ní sọ̀ wọ òmíràn. Odò Thames ń ṣàn nísàlẹ̀ ìlú, ààfin ọba wà lórí òkè, ògiri òkúta rẹ̀ nípọn, ó sì ga. Owó ìwọlé kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé pẹ̀lú wa ń kánjú lọ wo àwọn yàrá tí ọba ti ń gbàlejò. Àwa tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ wo ilé ọmọláńgidi Queen Mary.

Ìyàwó Ọba George Karùn-ún ni Queen Mary. Princess Marie Louise, ìbátan ọba, ló mú àbá ilé náà wá; Sir Edwin Lutyens, ògbóǹtarìgì nínú yíya àwòrán ilé, ló ya àwòrán rẹ̀. Láti ọdún 1921 sí 1924 ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ayàwòrán, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn iléeṣẹ́ tó dá sí i sì lé ní 1,500. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n: ohunkóhun tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé gidi, íńṣì kan péré ni níbẹ̀. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yóò di íńṣì mẹ́fà. Àga, ṣíbí, ìwé, ìgò, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀ lé. Ìwọ̀n yìí, ìdá kan nínú méjìlá, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ilé ọmọláńgidi ń lò títí di òní.

Wọ́n fa iná mànàmáná sínú ilé náà. Wọ́n ṣe páìpù omi tútù àti omi gbígbóná sí i, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè sódò láti àjà kan dé èkejì, ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ sì ní omi tí ń ṣan ìdọ̀tí lọ. Yàrá ìkàwé rẹ̀ kún fún ìwé tí kò tó àtàǹpàkò, tí àwọn òǹkọ̀wé ńlá ayé ìgbà náà, bí Arthur Conan Doyle, Rudyard Kipling àti Thomas Hardy, kọ ránṣẹ́. George Bernard Shaw ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Inú yàrá abẹ́ ilé, wáìnì gidi ni wọ́n rọ sínú àwọn ìgò kéékèèké. Ẹ̀yin ará, a kọjá níbẹ̀ kíákíá.

Ohun kan wà nínú ìtàn ilé yìí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kí wọ́n tó gbé e wá sí Windsor, ibi ìfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ní Wembley ní ọdún 1924 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló sanwó lọ wò ó. Níbi ìfihàn kan náà, wọ́n mọ odi kan bíi ti àwọn ìlú Hausa, wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ Nàìjíríà, Gold Coast tó di Ghana lónìí, àti Sierra Leone sínú rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí èrò ń wò wọ́n. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan ní London kọ ohun ẹ̀gbin nípa àwọn ènìyàn wa nítorí ìfihàn náà, ọmọ Abẹ́òkúta kan tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, kọ ìwé láti ta kò ó. Ní ọdún 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀. Bí a ti dúró níwájú gíláàsì ní Windsor, ohun tí a rò nìyí: èrò kan náà ló kúrò níbi ilé ọmọláńgidi ayaba, tó sì rìn lọ wo àwọn baba wa bí ẹni ń wo ọmọláńgidi.

Wọn kò kọ́ ilé Windsor fún ọmọdé láti fi ṣeré. Ẹ̀bùn ni fún ayaba, owó tí àwọn èrò san láti wò ó sì lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní tí ayaba ń ràn lọ́wọ́. Ó dára ní wíwò, àmọ́ kò sí ọwọ́ tó lè kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Bethnal Green, ní ìhà ìlà oòrùn London. Ilé bíríkì pupa kan wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun ìṣeré àwọn ọmọdé ìgbà àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí pamọ́ sí. Ọdún 1872 ni wọ́n ṣí i. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń pè é ní Young V&A. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London kò ní àwáwí. Lára àwọn ilé ọmọláńgidi tí iléeṣẹ́ V&A ní ni ọ̀kan tí wọ́n kọ́ ní Nuremberg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1673. Ní ìlú náà láyé ìgbà yẹn, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọbìnrin bí a ṣe ń tọ́jú ilé: ibi tí abọ́ ń gbé, ibi tí aṣọ ń gbé, iye ìkòkò tó yẹ kó wà nílé ìdáná. Èyí kò yàtọ̀ sí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra ìkòkò kékeré àti odó kékeré fún ọmọbìnrin kó lè máa gún iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gún iyán. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwa kò ní ilé ọmọláńgidi. Ta ni nínú wa tí kò ki ẹsẹ̀ bọ iyanrìn tútù rí, tó fi ọwọ́ gbá a mọ́lẹ̀, tó rọra fa ẹsẹ̀ yọ, tí ilé sì dúró?

Ohun tó mú wa dúró pẹ́ jù ní Bethnal Green ni iṣẹ́ obìnrin oníṣọ̀nà kan tí ń jẹ́ Rachel Whiteread. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ra àwọn ilé ọmọláńgidi tí àwọn ènìyàn ti lò tẹ́lẹ̀, títí tí ó fi kó nǹkan bí 150 jọ. Ó tò wọ́n bí abúlé tó wà lórí òkè, ilé lórí ilé, nínú òkùnkùn. Iná ń tàn nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú wọn: kò sí àga, kò sí ibùsùn, kò sí ọmọláńgidi kan ṣoṣo. Iná nìkan.

Ìyá àgbà òyìnbó kan tó dúró tì wá ní ó ń ba òun lẹ́rù díẹ̀. Àwa kò bẹ̀rù, àmọ́ ọkàn wa lọ sílé. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ilé tí à ń sọ. Ẹ gba ọ̀nà Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn, tàbí ọ̀nà Ọbántókò ní Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ ó rí ilé alájà kan, géètì ńlá, iná tó mọ́lẹ̀ kedere lórí fẹ́ǹsì, àti maigádì kan pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ wà ní London, ní Houston, ní Toronto. Wọ́n rán owó, wọ́n rí àwòrán lórí fóònù, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì sun ibẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. A kò bá wọn wí. Ẹni tó bá mọ bí owó náà ṣe ń wọlé kò ní bá wọn wí.

Arákùnrin tí a wọ̀ sí ilé rẹ̀ ní Peckham jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wà, lóru, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Bí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá ń jí, òun ń lọ sùn. Ó ń kọ́ ilé alájà kan lẹ́bàá Mọ́níyà, àbúrò rẹ̀ ló ń bójú tó iṣẹ́ náà, ìyá wọn sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò yìí títí ilé yóò fi parí. Ọmọ náà kò tíì fojú kan ìyá àgbà rẹ̀ rí, àfi lórí fóònù. Bí àwọn àgbà bá bá a sọ Yorùbá, ó gbọ́ díẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi ń dáhùn. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni páálí kan wà, tí ìyá rẹ̀ rà fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún méje: ilé ọmọláńgidi onípákó, tí ẹni tó bá rà á yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀. Ọdún méjì, ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ìdí méjì ni arákùnrin náà fi lélẹ̀. Èkíní, kò sí àyè. Èkejì, ó ní ọmọláńgidi jẹ́ ère, òun kò sì fẹ́ ère nínú ilé onígbàgbọ́. A kò fi ìdí kejì yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí inú agboolé tí wọ́n ti ń wẹ ère ìbejì, tí wọ́n ń wọṣọ fún un, tí wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ, ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n a ṣí ìwé Ẹ́kísódù fún un. Nínú orí ogún, Ọlọ́run kọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láti yá ère kí wọ́n sì tẹrí ba fún un. Orí márùn-ún péré lẹ́yìn èyí, Ọlọ́run kan náà pàṣẹ pé kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Ìtẹríba ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ọmọ tó ń tẹ́ ibùsùn kékeré kò tẹrí ba fún ohunkóhun. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Pásítọ̀, ó ku ti àyè.” Ọjọ́ Sátidé ni, kò sí iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. A gbé páálí sórí tábìlì ìjẹun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó wà nínú irú páálí yìí, nítorí àwọn kan yóò fẹ́ dán an wò. Pákó pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní plywood, tí kò nípọn ju bébà páálí líle lọ púpọ̀. Ẹ̀rọ ti gé ògiri, àjà, òrùlé àti férémù fèrèsé sí i lára, àmọ́ wọn kò tíì já kúrò lára pákó náà tán. Etí àwọn kan ní eyín, àwọn mìíràn ní ihò tí eyín náà yóò wọ̀. Ìwé ìtọ́nà wà pẹ̀lú wọn. Ohun tí kò sí nínú páálí ni ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, bébà ògiri, iná àti àga. Jésù Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó (Lúùkù 14:28). Ẹni tó bá rò pé owó páálí ni gbogbo owó ilé ọmọláńgidi yóò rí i pé owó ohun èlò inú ilé lè pọ̀ ju ti ilé lọ, bíi ti ilé gidi gẹ́lẹ́. Kí ẹ tó ra àga kan ṣoṣo, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí. Ilé mìíràn wà tí ìdajì íńṣì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé àga ti oníńṣì kan síbẹ̀, yóò dà bí ìgbà tí Gòláyátì wá kí yín nílé.

Ọmọ náà fẹ́ já gbogbo rẹ̀ kúrò lára pákó lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti ń béèrè gọ́ọ̀mù. Bàbá tó bí wa jẹ́ káfíńtà; a mọ bí iṣẹ́ ṣe ń bàjẹ́. A ní kó gbé gọ́ọ̀mù náà lé orí fíríìjì ná. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka ìwé ìtọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká tó fọwọ́ kan pákó. Lẹ́yìn náà, kí a yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú àkọsílẹ̀, kí a sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yà tí a kò tíì fẹ́ lò, ẹ jẹ́ kó wà lára pákó rẹ̀; bí a bá já a tán, ẹ̀yà méjì tó jọra yóò da orí rú. Èyí tí a bá fẹ́ já, kí a má fà á tipátipá, kí a fi ọ̀bẹ tó mú gé ibi tó ti di mú, láti ẹ̀yìn, nítorí eyín pákó tinrin máa ń kán. Bàbá rẹ̀ ni ó di ọ̀bẹ mú. Ọmọ ń ka nọ́ńbà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àgọ́ àjọ wá sí wa lọ́kàn. Ẹ wo Ẹ́kísódù orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n: pákó ogún ní ìhà gúúsù, ogún ní ìhà àríwá, mẹ́fà lẹ́yìn, méjì ní igun, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ìtẹ̀bọ̀ méjì méjì ni pákó kọ̀ọ̀kan ní, ihò-ìtẹ̀bọ̀ fàdákà méjì méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé tí a ń tú, tí a sì ń tò ni. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù fún àwọn ọmọ Mérárì, Ọlọ́run ní kí wọ́n fi orúkọ ka ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò rù (Númérì 4:32). Ó yà wá lẹ́nu pé a ti ń wàásù lórí àgọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a ń sọ̀rọ̀ nípa wúrà àti aṣọ ìkélé, a kì í sì í dúró lórí ẹsẹ̀ yìí. Nínú aginjù, bí èèkàn kan bá sọnù, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí òmíràn?

Lẹ́yìn kíkà, a fi sáńpépà họ etí àwọn ẹ̀yà náà díẹ̀díẹ̀ kí eyín lè wọ ihò. Ẹ má họ ọ́ jù. Ohun tí a bá họ kúrò kò ṣeé dá padà. Lẹ́yìn náà ni a wá tò ó láìfi gọ́ọ̀mù sí i rárá. Téèpù ni a fi mú un dúró: pátákó ìsàlẹ̀, ògiri ẹ̀yìn, ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àjà òkè. Èyí ni ohun tí àwọn tó gbó nínú iṣẹ́ yìí kì í fò, òun sì ni àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní sùúrù fún. Nígbà tí ilé dúró lórí téèpù nìkan, gbogbo àléébù rẹ̀ ló ń hàn. Ẹ ó rí ògiri tó wọ́, ẹ ó rí àlàfo tó yẹ kí a dí, ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ kò ní lè dé mọ́ bí a bá ti lẹ òrùlé mọ́ ọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kun inú yàrá, tí wọ́n ń lẹ bébà ògiri, kí wọ́n tó lẹ ilé pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ iná nínú rẹ̀, wáyà ni yóò kọ́kọ́ lọ, bébà yóò sì bò ó. Iná fóòtì 12 ni wọ́n sábà máa ń lò, kò lè gbé ọmọ. Ẹ kun ẹ̀yìn pákó tinrin pẹ̀lú iwájú rẹ̀. Bí ọ̀dà bá gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, pákó yóò tẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Nítorí ìdí kan náà, a gbé tábìlì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń mú ilé gbóná.

Bí ó bá wá di ọjọ́ gọ́ọ̀mù, èyí tí a sọ fún arákùnrin náà ni pé kó lo gọ́ọ̀mù funfun ti àwọn káfíńtà, díẹ̀díẹ̀, kó fi aṣọ tútù nu èyí tó bá yọ síta, nítorí ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ kì í gba ọ̀dà aláwọ̀ igi. Kó fi irin onígun yẹ igun kọ̀ọ̀kan wò, kó fi téèpù di í, kó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, kò di dandan kí ẹ ra páálí láti òkè òkun. Àjákù plywood kún ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo káfíńtà. Ẹ mú rúlà, kí íńṣì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì wọn pálọ̀ yín gan-an. Ó dá wa lójú pé ọmọ tó bá wọn pálọ̀ bàbá rẹ̀ báyìí yóò mọ ìṣirò ju ẹni tó ń há a sórí lọ.

A fẹ́ padà sí tábìlì ní Peckham. Bí a ti ń tò ó ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ nǹkan ní Yorùbá, kò sì jọ pé ó pinnu rẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe ń mú wọn: òrùlé, àjà, òpó, ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn. Ọmọ ń pè é tẹ̀ lé e. “Àtẹ̀gùn” ṣòro fún un. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ ni ó ń pè, bàbá rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, kò wọlé, kò padà.

Nígbà tí ilé dúró tán, yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ọmọ náà pín wọn: pálọ̀ nìyí, ilé ìdáná nìyí, yàrá Dádì àti Mọ́mì nìyí, tèmi nìyí. Ó dákẹ́. Ó ní ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbo ni Màmá yóò sùn? Bàbá rẹ̀ ní kó fún Màmá ní yàrá òkè, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Ọmọ ní rárá, orúnkún ń dun Màmá, òun máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń sọ ọ́, kò lè gun àtẹ̀gùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pè é dáadáa. Ó fa téèpù ara ògiri ìsàlẹ̀ tu, ó sún ògiri náà sí ẹ̀gbẹ́, pálọ̀ kéré sí i, yàrá kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Arákùnrin wa wo ilé náà pẹ́. A ò mọ ohun tó ń rò títí ó fi dìde lọ mú fóònù rẹ̀. Àwòrán ilé Mọ́níyà wà lórí rẹ̀. Yàrá ìyá rẹ̀ wà lókè níwájú, kó lè máa rí títì kó sì máa gba afẹ́fẹ́. Gbogbo yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ ló wà lókè. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn pálọ̀, yàrá ìkẹ́rùsí ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀. Ògiri ìsàlẹ̀ ti dé òkè fèrèsé, wọ́n sì fẹ́ da dẹ́kìn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A gbọ́ tó ń sọ pé, “Má tíì jẹ́ kí wọ́n da dẹ́kìn o. Yàrá ìkẹ́rùsí yẹn, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà páìpù síbẹ̀ ná. Mo ní má tíì jẹ́ kí wọ́n dà á.” Àbúrò ní bíríkìlà yóò bínú. Ó ní kó bínú, òun yóò fi nǹkan kún owó rẹ̀.

Ìyá wọn gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò, ó ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí bàbá tó fèsì, ọmọ náà ti na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ sórí ara wọn. Ó wá ní, “Màmá, yàrá yín wà nísàlẹ̀.”

A gbọ́ ẹ̀rín ìyá àgbà láti Mọ́níyà. “Yàrá wo nìyẹn, ọmọ mi?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pẹ̀lú Yorùbá díẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, bàbá rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń sọ èyí tí kò mọ̀ sí i létí. Gọ́ọ̀mù ṣì wà lórí fíríìjì.